Ìfun Inú Èèrà

Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Oníwàdùwàdù la sábà máa ń pa òwe yìí fún: ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe fírídọ̀mù kó tó mọ iṣẹ́, tàbí àfẹ́sọ́nà tí ara ń kán. Ohun tí wọ́n sì máa ń gbà lọ ni pé kí àwọn ṣì dúró ná. Mo rò pé a ti dín òwe náà kù. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á kò ní kí a jókòó máa wo èèrà. Ó ní kí a pa á, kí ọwọ́ wa sì rọ̀ bí a ti ń pa á.

Àwọn dókítà tó ń tún ẹ̀yà ara ṣe mọ ìyàtọ̀ yìí dájú. Nínú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń fi maikirosíkóòpù ṣe, wọ́n á gé awọ, ẹran tàbí eegun láti apá kan ara, tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ síbi tí àìsàn tàbí ìjàǹbá ti bàjẹ́, wọ́n á wá rán iṣan rẹ̀ mọ́ iṣan ibẹ̀ kó má bàa kú. Ẹnu iṣan bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 1 sí 3. Òwú tí wọ́n fi ń rán an tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì gán ara iwájú iṣan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti dí nìyẹn.

Alexis Carrel, ará Faransé, wà lára àwọn tó la ọ̀nà iṣẹ́ yìí. Ní 1894, wọ́n gún Sadi Carnot, Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, lọ́bẹ ní ìlú Lyon, ó sì kú, nítorí pé àwọn dókítà ìgbà náà kò mọ bí wọ́n ṣe lè rán iṣan ńlá tí ọ̀bẹ gé. Ìtàn sọ pé Carrel, tó ṣì kéré nígbà náà, lọ kọ́ bí a ṣe ń mú abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ṣe ọnà sára aṣọ. Dókítà tó lọ ṣe ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ: ẹ ò rí i pé ìgbéraga kò sí níbẹ̀! Ní 1902 ló tẹ ọ̀nà tó ń gbà rán iṣan ẹ̀jẹ̀ jáde, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912. Ní 1960, Jules Jacobson gbé maikirosíkóòpù lé iṣẹ́ náà ní Vermont, Amẹ́ríkà. Ní 1965, Komatsu àti Tamai rán àtàǹpàkò tó gé já pátápátá padà ní Nara, Japan. Nígbà tó di 1989, David Hidalgo ní New York kọ̀wé lórí bí òun ṣe ń fi eegun ẹsẹ̀ ṣe àgbọ̀n tuntun.

Ti àgbọ̀n yìí kàn wá gan-an. Kókó kan wà tí wọ́n ń pè ní ameloblastoma, tó wà lára èyí tí àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà ń rí jù nínú eegun àgbọ̀n. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni ẹni tó ní in ṣe máa ń dúró. A ń fi àgbo ṣan ẹnu, a ń gbàdúrà, eyín ń yẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń wú, kókó ń jẹ eegun lọ. Bí wọ́n bá kàn ha á kúrò, ó sábà máa ń padà wá, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ gé díẹ̀ mọ́ ọn nínú eegun tó dáa. Bí a bá ti pẹ́ tó kí a tó lọ, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n máa gé ṣe máa gùn tó.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń mú eegun tí wọ́n fi ń dí àlàfo náà. Eegun méjì ló wà láàárín orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Èyí tó nípọn ló ń rù wá. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde, kò ru nǹkan púpọ̀. Wọ́n lè yọ tó sẹ̀ǹtímítà 25 nínú rẹ̀, bí wọ́n bá ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ikọ̀ kan á máa yọ kókó lẹ́nu, ìkejì á máa tú eegun lẹ́sẹ̀, tòun ti awọ díẹ̀. Wọ́n á fi ayùn gé e kó lè ṣẹ́ kọ́rọ́ bí àgbọ̀n, wọ́n á fi irin titanium pẹlẹbẹ àti síkúrù dè é, wọ́n á sì rán iṣan rẹ̀ mọ́ iṣan ọrùn. Ó lè gba wákàtí 8 sí 12.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ jù ni wọ́ọ̀dù. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sábà ń pinnu bóyá ẹ̀yà tuntun á yè. Ní wákàtí wákàtí ni nọ́ọ̀sì á máa tan iná sẹ́nu aláìsàn, á fi ìka tẹ awọ tuntun náà, á wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe padà síbẹ̀. Bí ó bá funfun tó sì tutù, ẹ̀jẹ̀ kò débẹ̀. Bí ó bá ṣú tó sì wú, ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Èyíkéyìí tó bá ṣẹlẹ̀, tíátà ni, lójú ẹsẹ̀. Níbi tí ọwọ́ ti mọ́ iṣẹ́ náà, ó ń yọrí sí rere ju ìgbà 95 lọ nínú 100, ṣùgbọ́n àwọn tí kò sùn ló ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Kí ẹbí má sì bẹ̀rù ohun tí wọ́n máa bá. Ojú á wú. Wọ́n lè fi rọ́bà sí ọ̀fun fún ọjọ́ mélòó kan, aláìsàn kò ní lè sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ mú bírò àti ìwé dání. Ihò imú ni oúnjẹ á máa gbà. Ètè ìsàlẹ̀ lè kú tipiri, nítorí wọ́n sábà máa ń gé iṣan ìmọ̀lára mọ́ kókó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á ní kó dìde fi ọ̀pá rìn. Irun tilẹ̀ lè hù nínú ẹnu, torí pé awọ ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Ẹ má rò ó sí àrùn. Oúnjẹ rírọ̀ ni fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, eyín àtọwọ́dá sì di ọ̀pọ̀ oṣù. Sìgá kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀ rárá, torí ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀.

Ẹni tó ní kókó ṣì lè ráyè múra sílẹ̀; ẹni tí ẹ̀rọ bá gé ìka rẹ̀ kò ní irú àyè yẹn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù fún omi wé ìka náà, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ di ọ̀rá lẹ́nu, kí ẹ tó gbé ọ̀rá náà lé yìnyín. Ìka kò gbọ́dọ̀ kan yìnyín fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì máa sáré lọ.

Ká padà sórí àgbọ̀n: gbogbo ilé ìwòsàn kọ́ ló ní maikirosíkóòpù nílẹ̀ wa. Àwọn mìíràn ń bu eegun ìbàdí láìsí iṣan, ó sì dára bí àlàfo bá kúrú. Bí wọ́n bá fi irin nìkan dí àlàfo náà, ó lè kán tàbí kó yọ síta lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè iye ìgbà tí ikọ̀ náà ti ṣe irú rẹ̀, ẹni tó máa wo ẹnu aláìsàn lóru, àti bóyá iná àti oníṣẹ́ abẹ máa wà bí àwọ̀ ẹ̀yà tuntun náà bá yí padà láago mẹ́ta òru. Àpò ẹbí ni owó náà ti sábà ń jáde ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ sì máa ń ná gbogbo rẹ̀ sórí iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́. Ẹ ya owó àti ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìkejì.