NigeriaSat-1: Ojú òkè tí kò mọ ààlà

Lónìí, ẹ jẹ́ ká rántí NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà fi wo ilẹ̀ láti òkè.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e lọ sójú ọ̀run láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà. Ìlú Guildford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ṣe é, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju bíi kílò 100 lọ, bí àpò ìrẹsì ńlá méjì.

Kí ló kan àwa ará Massè níbẹ̀? Ní ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tó pín àwa àti àwọn ará wa níyà. Ìlaròó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Adja-Ouèrè bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ṣùgbọ́n àwòrán tí ẹ̀rọ yìí ń yà fẹ̀ tó kìlómítà 600. Bó bá ń ya Abẹ́òkúta, ilẹ̀ tiwa náà lè bọ́ sínú àwòrán kan náà. Kò rí aṣọ́bodè. Igbó, oko ńlá, omi àti ilẹ̀ tí iná jó ló ń rí. Ilé ẹnì kan kéré jù lójú rẹ̀.

Àwọn kan bínú nígbà náà pé ebi ń pa ará ìlú, ẹ ń fowó ra ojú ọ̀run. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀tá. Àmọ́ ọdún 5 ni wọ́n dá fún ẹ̀rọ náà, ó sì lò tó ọdún 8 kó tó dákẹ́. Nígbà tí ìjì Katrina ba Amẹ́ríkà jẹ́ ní 2005, ó wà lára àwọn tó ya àwòrán ibẹ̀. Ní 2011, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X gorí òkè tẹ̀ lé e.

Àwòrán ni ogún tó fi sílẹ̀. Àwòrán lè fi hàn pé igbó wà níbì kan ní 2004, tí kò sí mọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n kò lè sọ orúkọ igbó náà, tàbí ẹni tó kọ́kọ́ dá oko síbẹ̀. Ẹnu àwọn àgbà wa nìyẹn wà. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n, ká kọ ọ́ sílẹ̀, kí tiwọn náà tó dákẹ́.