Abúwẹ̀: Ìtàn Ọṣẹ Tí Àwọn Ìyá Wa Gbé Wọ Reluwé

Ìtàn tòní kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun. Ìtàn ọṣẹ ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ kà á dópin ná.

Ohun tó fà á nìyí. Lóṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé ní London wá sí Kánò fún ìgbéyàwó. Ó yà sí ìsọ̀ wa, ó kúnlẹ̀, ó kí wa tán, ó wá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọṣẹ dúdú ni mo fẹ́ gbé padà. Ojúlówó o, èyí tí wọn ò fi lọ́fínńdà sí, tí wọn ò sì fi ọ̀rá dì." A wo ìsọ̀ lókè, a wò ó nísàlẹ̀. Oríṣi ọṣẹ mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú páálí àti ọ̀rá. Kò sí ọṣẹ dúdú kankan níbẹ̀. Ojú tì wá, nítorí ìyá tó bí bàbá wa, ọṣẹ yìí ló ń tà tó fi rán bàbá wa nílé ìwé.

Ọṣẹ dúdú la sábà ń pè é lónìí, àmọ́ àwọn àgbà máa ń pè é ní abúwẹ̀. Abúwẹ̀, ìyẹn ni pé èyí tí à ń bù wẹ̀. Orúkọ yẹn ti sọ bí wọ́n ṣe ń tà á. Oníbàárà á gbé abọ́ lọ, ọlọ́ṣẹ á bu ìwọ̀n owó rẹ̀ fún un. Tí kò bá sí abọ́, ewé ni wọ́n fi ń dì í. Òrí tí a fi ń para, inú igbá ló wà. Osùn tí wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun àti ìyàwó, orí òkúta ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Kànrìnkàn, oko ló ti wá, oko náà ló ń padà sí tó bá gbó. Ẹni tó bá wẹ̀ tán nígbà náà kò ní ohun kan tó máa sọ sínú gọ́tà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sè é? Wọ́n á sá èèpo kòkó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí odi ẹyìn tí wọ́n ti já ẹyìn kúrò lára rẹ̀. Tó bá gbẹ, wọ́n á sun ún di eérú. Wọ́n á da eérú náà sínú ajere, wọ́n á máa da omi sí i lórí, omi yẹn á sì máa kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n á sè títí á fi ki, kí wọ́n tó da àdín tàbí epo pupa sí i. Lẹ́yìn náà ni ríro. Ẹni tó bá ti ro ọṣẹ rí mọ̀ pé àmàlà kò le tó o. Ẹ̀yìn á ro ni, èéfín á bo ojú, àfi tó bá dì kí èèyàn tó sinmi.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ka kẹ́mísírì, ẹ gbọ́ ìdí tí abúwẹ̀ fi máa ń rọ̀. Potassium ló pọ̀ nínú eérú igi àti ewé, ọṣẹ tí a fi potassium sè kì í le. Kọ́sítíìkì sódà tí ilé iṣẹ́ ńlá ń lò, sodium ló wà nínú tiẹ̀, òun ló ń mú kí ọṣẹ le bí òkúta. Ọṣẹ tó bá le ṣe é gé sí dọ́gbadọ́gba, ó ṣe é tẹ orúkọ sí lára, ó ṣe é fi bébà dì. Èyí tó rọ̀ kò ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wọ reluwé. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó. Nígbà tó fi máa di 1912, ọkọ̀ tó gbéra ní Èkó ti ń dé Kánò. Ojú irin yẹn ló kó púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá, láti Ìlọrin, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá, tí ìjọba òyìnbó sì ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò. Àwọn ìyá wa kò wá lọ́wọ́ òfo. Ìyá bàbá wa sọ fún wa pé igbá ọṣẹ kan àti garawa àdín kan lòun gbé wọ ọkọ̀ láti Ọ̀fà, pé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ òun ni òun gbé e sí títí òun fi sọ̀ ní Kánò. Àwọn Hausa tí a bá níbí náà ní tiwọn, sabulun salo, wọ́n sì ní man kaɗanya, tí í ṣe òrí. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ìyá wa pàtẹ, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ọṣẹ ni èdè àkọ́kọ́ tí àwa àti onílé fi gbọ́ ara wa yé.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ń bá ojú irin yẹn kan náà bọ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba Bìrìtìkó fòfin de òwò ẹrú ní 1807, epo pupa ni wọ́n yíjú sí ní etí òkun wa, èkùrọ́ sì tẹ̀ lé e. Kí ni wọ́n ń fi epo ṣe? Ọṣẹ àti àbẹ́là ni, wọ́n sì ń fi pa ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n fagi lé owó orí ọṣẹ lọ́hùn-ún ní 1853, ọṣẹ tún wá pọ̀ sí i lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù wọn. Ẹ wá gbọ́ èyí tó yà wá lẹ́nu: láyé ìgbà náà, àwọn náà ń bù wẹ̀ ni! Ọ̀pá ọṣẹ gbọọrọ ló máa ń wà lọ́wọ́ ọlọ́jà wọn, òun ló ń gé e, tó ń wọ̀n ọ́n tà.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Lever ló yí i padà. Ọmọ ọlọ́jà ni, bíi tiwa. Láti bí ọdún 1884 sí 1885, ó gé ọṣẹ sí wẹ́wẹ́ tó dọ́gba, ó fi bébà dì í, ó sọ ọ́ ní Sunlight, ó sì polówó rẹ̀ káàkiri. Ní 1920, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ra Niger Company. Ní 1923, wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọṣẹ sílẹ̀ ní Nàìjíríà níbí. Èkùrọ́ tó ń tilé wa lọ wá ń padà bọ̀ wá bá wa nínú bébà, pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíràn lára rẹ̀.

Kí òtítọ́ má bàa kú, òyìnbó kò fi ìbọn gba igbá ọṣẹ lọ́wọ́ ìyá wa. Àwa ọlọ́jà la gbé e kúrò lórí àtẹ. Páálí ọṣẹ ṣe é kà, ó ṣe é tò, kò ń yọ́ lóòrùn Kánò, èrè rẹ̀ sì yá. Abúwẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní ọṣẹ ará oko, ọṣẹ àgbo. Àwọn ọmọ wa gbọ́, wọ́n sì gbà wá gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni ọṣẹ abóra wọlé, òmíràn tó ní mẹ́kúrì nínú, èyí tó lè ba kíndìnrín jẹ́. Àwa kan náà la tà á. Ọlọ́run á foríjì wá.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe yí padà. Ní 1995, wọ́n dá ilé ìtajà kan tó ń jẹ́ Lush sílẹ̀ nílùú Poole, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń gé ọṣẹ lára odindi, wọ́n ń wọ̀n ọ́n tà, wọn kì í di ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ọlọ́jà ayé ijọ́un ti jí padà! Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún ń fi pọ́n-ùn ra ohun tí ìyá wọn ń bù fún aládùúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Òrí náà ńkọ́? Lóṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí wọ́n dáwọ́ kíkó èso òrí tí wọn kò tíì ṣe sí òkè òkun dúró fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa fún un nílé. Igi tó ń gbà tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kó tó so dáadáa, òun làwọn kan ń gé sun fi ṣe èédú. Àwọn àgbà ló ní ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni da ọṣẹ páálí nù. Òun náà la fi ń jẹun. A kò sì sọ pé gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ dúdú ló dára. Ọṣẹ tí omi eérú bá pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń ta ara, àwọn mìíràn sì ń fi aró sí i kó lè dúdú. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a mọ ẹni tó sè é. Ṣùgbọ́n ta ló kù tó mọ̀ ọ́n sè?

Ní àdúgbò wa, ìyá àgbà kan ṣoṣo la mọ̀. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ojú wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àmọ́ ọwọ́ wọn ṣì mọ ìgbà tí ọṣẹ bá jinná. A lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ti gbà. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀yìnkùlé ilé wa ni wọ́n ti máa sè é, láti orí eérú títí dé orí bíbù. Ẹ mú àwọn ọmọbìnrin yín wá, ẹ mú ọkùnrin náà wá, ríro ń bẹ fún wọn. Ẹ má gbé ọ̀rá dání o. Abọ́ ni kí ẹ gbé wá.

Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ńkọ́? Òun náà ti padà sí London láìmú ọṣẹ lọ. A ti ṣèlérí fún un pé tiẹ̀ la máa kọ́kọ́ bù.