Thangka: Àwòrán Ìsádi Àwọn Ará Tíbẹ́tì

Thangka ni àwòrán mímọ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Tíbẹ́tì máa ń kùn sórí aṣọ òwú, tí wọ́n sì ń fi aṣọ ṣẹ́dà yí etí rẹ̀ ká. Ohun mẹ́ta ni ẹlẹ́sìn náà sá di: Búdà, ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti àwùjọ ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Nígbà àṣàrò, yóò tẹjú mọ́ àwòrán náà títí yóò fi máa rí i kedere lọ́kàn bí ó bá tilẹ̀ di ojú. Nítorí náà ni ayàwòrán fi ń tẹ̀ lé ìlànà ìwọ̀n tí a ti là sílẹ̀. Thangka ṣe é ká bí ẹní. Nígbà tí Dalai Lama sá lọ sí Íńdíà ní 1959, tí ọ̀pọ̀ ará Tíbẹ́tì sì tẹ̀ lé e, àwọn kan ká tiwọn dání. Níbi tí kò sí tẹ́ńpìlì, àwòrán náà ni ojúbọ.