Ọjọ́ Kọkànlélógún Oṣù Ẹrẹ́nà: Ọjọ́ Kan, Orúkọ Púpọ̀

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ rí. Ọjọ́ kì í mú orúkọ ti ọ̀run wá. Àwa ènìyàn ni a máa ń wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, tàbí ohun tí a fẹ́ kí ayé máa rántí, kí a tó sọ ọjọ́ lórúkọ. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Ẹrẹ́nà, tíí ṣe oṣù kẹta, wà lára àwọn ọjọ́ tí orúkọ wọn pọ̀.

Àjọ UNESCO sọ ọ́ ní Ọjọ́ Ewì Lágbàáyé ní ọdún 1999. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà sọ ọ́ ní Ọjọ́ Igbó, kí àwọn ènìyàn lè máa rántí igi tí wọ́n ń gé láìgbin òmíràn. Ó tún jẹ́ ọjọ́ àwọn tí a bí pẹ̀lú Down syndrome. Ọgbọ́n wà nínú yíyàn yìí: chromosome kọkànlélógún, tí ó jẹ́ méjì nínú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn, mẹ́ta ni nínú ara tiwọn. Ìdí nìyí tí a fi yan ọjọ́ kọkànlélógún nínú oṣù kẹta.

Ojú ọ̀run pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ sọ ní àkókò yìí. Ní nǹkan bí ọjọ́ yìí ni ọ̀sán àti òru máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba káàkiri ayé. Ní Yúróòpù, òtútù a máa kásẹ̀ nílẹ̀, ewé tuntun a sì máa yọ. Àwọn ará Ìráànì a máa ṣe ọdún tuntun wọn, Nowruz. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ojú àgbẹ̀ a máa wà lókè, tí yóò máa retí òjò àkọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ní Gúúsù Áfíríkà, òdìkejì ni: ooru ló ń lọ, òtútù ló ń bọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni orúkọ tí ó wúwo jù lọ nínú àwọn orúkọ ọjọ́ yìí ti wá, èyíinì ni Ọjọ́ Ìgbógunti Ẹlẹ́yàmẹ̀yà Lágbàáyé. Ìwé pélébé kan ni ó fa gbogbo rẹ̀.

Ní ayé ìjọba àpátáìdì, adúláwọ̀ kò gbọdọ̀ rìn ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láìmú ìwé ìrìnnà dání. Àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé náà, orúkọ ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ wà níbẹ̀, àti àṣẹ tí ó fún un láyè láti gbé nínú ìlú. Ẹni tí kò bá ní àṣẹ yìí kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí méjìléláàádọ́rin lọ ní ìgboro. Bí ọlọ́pàá bá dá ènìyàn dúró tí kò rí ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ló kàn, ìbáà jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló wà. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni orúkọ tí ìjọba fún òfin ọdún 1952 tí ó sọ ìwé yìí di dandan fún àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Òfin Ìfòpin sí Ìwé Ìrìnnà ni wọ́n pè é! Wọ́n kó àwọn ìwé àtijọ́ jọ sínú ẹyọ kan, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ mìíràn, wọ́n ní àwọn ti fòpin sí i.

Robert Sobukwe, olùkọ́ ní Yunifásítì Witwatersrand àti olórí ẹgbẹ́ PAC, ni ó ké sí àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n fi ìwé náà sílẹ̀ nílé, kí wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láìmú ohun ìjà dání, kí wọ́n ní kí a mú àwọn. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1960, òun fúnra rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Orlando, wọ́n sì mú un. Ní Sharpeville, nítòsí Vereeniging, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn péjọ síwájú àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí ọ̀sán ti pọ́n, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n. Iye òkú tí a ti ń kà láti ìgbà náà jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́rin. Àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ tó ọgọ́sàn-án. Ẹ̀yìn ni ìbọn ti bá ọ̀pọ̀ nínú wọn, èyí tí ó fi hàn pé sísá ni wọ́n ń sá lọ.

Kí oṣù náà tó parí, ìjọba kéde òfin pàjáwìrì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Igbe, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àgbáyé bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà ìjọba náà. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ ANC àti PAC. Sobukwe lo ọdún mẹ́ta tí wọ́n dá fún un. Nígbà tí ó pé, wọ́n ṣe òfin tuntun kí wọ́n lè dá a dúró sí erékùṣù Robben títí di ọdún 1969. Ní ọdún 1961, Gúúsù Áfíríkà fi Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, tí Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kò fara mọ́ ìwà rẹ̀. Ní ọdún 1966 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá sọ ọjọ́ náà lórúkọ. Ọmọ Ìlọrin kan, Ibrahim Gambari, ni ó wà ní ipò alága ìgbìmọ̀ àjọ náà tí ń gbógun ti àpátáìdì nígbà tí iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà parí ní ọdún 1994.

Ọjọ́ náà kò dẹ́kun àtikó ìtàn jọ. Ní ọdún 1985, tí ó pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n géérégé, àwọn ọlọ́pàá tún yìnbọn lu àwọn tí ń lọ síbi ìsìnkú ní Langa, ní Uitenhage. Ó kéré tán ogún ènìyàn kú. Ọdún kan lẹ́yìn èyí ni òfin ìwé ìrìnnà tó di ohun ìgbàgbé. Ní ọjọ́ yìí kan náà ní ọdún 1990, Nàmíbíà gba òmìnira lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà. Nígbà tí Nelson Mandela yóò sì buwọ́ lu òfin ìpìlẹ̀ tuntun ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1996, Sharpeville ni ó lọ láti ṣe é.

Lónìí, ọjọ́ ìsinmi ni ní Gúúsù Áfíríkà, Ọjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ rere ni. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ PAC kò yéé sọ pé Ọjọ́ Sharpeville ló yẹ kí a máa pè é. Mo rí ọ̀rọ̀ wọn rò. Orúkọ tí ó bá gbòòrò jù a máa gba gbogbo ènìyàn mọ́ra, ṣùgbọ́n ó lè gbé ìtàn mì. Ẹni tí ó bá gbọ́ “ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn” lè má béèrè pé ta ni ó kú, ta ni ó pa á, kí ni ó sì fà á. Ẹni tí ó bá gbọ́ “Sharpeville” yóò béèrè.

Àwa náà mọ irú àríyànjiyàn yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ni Nàìjíríà fi ń ṣe Ọjọ́ Ìjọba Àwaarawa, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá ń fi ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà rántí ìbò tí wọ́n dì fún Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ní ọdún 1993. Ní ọdún 2018 ni ìjọba kéde pé ọjọ́ kejìlá ni yóò máa jẹ́. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí ó ti di ìsinmi, mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ náà?

Òfin ọdún 1952 ti kọ́ wa pé orúkọ tó dára lè bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí oṣù Ẹrẹ́nà bá tún dé, ẹ jẹ́ kí àwọn akéwì kéwì, kí àwọn tó ń gbin igi gbìn ín. Ṣùgbọ́n kí a ya ìṣẹ́jú díẹ̀ sọ́tọ̀ láti sọ fún ọmọ wa pé, ní ọjọ́ Ajé kan, àwọn ènìyàn fi ìwé sílẹ̀ nílé, wọ́n sì jáde lọ́wọ́ òfo. Bí a kò bá sọ ìtàn náà fún wọn, orúkọ lásán ni yóò kù lórí kàlẹ́ńdà.