Ọ̀nà Òkúta Láti Caibarién sí Cayo Santa María

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Kúbà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ òrìṣà ló máa ń tẹ̀ lé e: Yemayá, Changó, orin Lùkùmí. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí àwa náà mọ̀.

Láti ìlú Caibarién, ní ìpínlẹ̀ Villa Clara, ènìyàn lè wọ bọ́ọ̀sì kí ó sì gba orí òkun dé erékùṣù Cayo Santa María. Kìlómítà 48 ni. Òkúta ni wọ́n dà sínú omi tí wọ́n fi ṣe é. Pedraplén ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1989, ó di 1999 kí ó tó parí. Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ lọ sí Cayo Coco, àmọ́ òkúta yẹn sé omi mọ́, iyọ̀ inú omi pọ̀ jù, ẹja sì jìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe afárá tó lé ní 40 sójú ọ̀nà Santa María, kí omi lè máa rí ibi gbà kọjá.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà náà wà níbẹ̀. Soviet Union ló ń ra ṣúgà Kúbà ní owó gidi. Nígbà tí ìjọba yẹn túká ní 1991, ebi wọ Kúbà, wọ́n sì túbọ̀ gbájú mọ́ àlejò olówó dọ́là tó ń wá yá oòrùn létí òkun.

Ṣúgà yìí kan náà ló gbé àwọn èèyàn wa débẹ̀. Bí ogun ṣe ń fọ́ Ọ̀yọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú bá ara wọn nínú oko ìrèké Kúbà, níbi tí oko ẹrú kò ti parí títí di 1886. Sagua la Grande, tí òun náà wà ní Villa Clara, ni wọ́n ti bí ayàwòrán Wifredo Lam ní 1902. Ìyá ìsàmì rẹ̀ jẹ́ abọ̀rìṣà. Ẹ wo àwòrán rẹ̀, La Jungla, ti 1943: èèyàn àti ìrèké ló wọnú ara wọn, tí a kò fi mọ èwo ni ẹsẹ̀, èwo ni igi. Kódà ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan, San Pasqual, tí wọ́n fi kọnkéré kàn (bẹ́ẹ̀ ni, kọnkéré!), ṣì wà nínú òkun nítòsí ibẹ̀. Wọ́n ti fi ṣe ibi ìkósí omi ìrèké tó ki bí oyin rí.

Ohun tó dùn wá jù nìyí: títí di 2008, wọn kì í gba ọmọ Kúbà láàyè láti gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì àwọn àlejò. Àwọn tó da òkúta sínú òkun kò lè sùn ní ìdí òkúta náà. Ìjọba Raúl Castro fagi lé òfin yẹn, ṣùgbọ́n owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà jẹ́ nǹkan bí 20 dọ́là. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn sanwó òtẹ́ẹ̀lì?

Nítorí náà, àwọn tó ń gba ọ̀nà náà jù nínú àwọn ará Caibarién àti Remedios ni àwọn agbọ́únjẹ, àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn tó ń tọ́jú ọgbà. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ló ń gbé wọn lọ láàárọ̀, òun náà ló sì ń gbé wọn padà sílé.