Abúlé Tó Béèrè Ìjíhìn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ní 2001 ni ìjọba Ùgáńdà fagi lé owó ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní ọ̀fẹ́ níbi tí nọ́ọ̀sì kì í ti í wá?

Láàárín 2004 sí 2005, àwọn olùwádìí mú ilé ìwòsàn abúlé 50. Ní 25, wọ́n sọ àléébù ibẹ̀ fún ará abúlé; abúlé àti òṣìṣẹ́ jọ ṣe àdéhùn, abúlé sì ń ṣọ́ ọ. Kì í ṣe owó, kì í ṣe dókítà tuntun! Lẹ́yìn ọdún kan, ikú ọmọ tí kò tó ọdún 5 fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kéré sí ti 25 yòókù.

Ìwádìí mìíràn lẹ́yìn náà, ní ilé ìwòsàn tó ju 300 lọ, kò rí ìdínkù ikú; ìtọ́jú nìkan ló sàn díẹ̀.