Àbíkú Sọ Olóògùn Dèké: Ìtàn Bí A Ṣe Mọ Ìwọ̀n Ẹ̀jẹ̀

Òwe kan wà tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí: àbíkú sọ olóògùn dèké. Bí a bá ń pa á lónìí, a máa ń fi ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á ti sin ọmọ rí. Ẹ wo àwọn orúkọ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Dúrósinmí, Bánjókòó, Kásìmáawòó, Kòsọ́kọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni òmíràn nínú wọn, èébú ni òmíràn, òmíràn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ìrètí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán fún. Bí òpìtàn kan bá fẹ́ mọ bí ikú ọmọdé ti pọ̀ tó ní ilẹ̀ wa kí ìwé tó dé, kí ó lọ ka orúkọ àwọn ará ilé rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ pìtàn rẹ̀ níhìn-ín ni bí àwọn ọmọ aráyé ṣe wá mọ ohun tí ó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa, bí wọ́n ṣe kọ́ láti wọ̀n ọ́n, àti bí ìmọ̀ náà ṣe tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ àbíkú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé àrùn ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo àbíkú. Ibà pa ọmọ, ṣọ̀pọ̀nná pa ọmọ, ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ gan-an, ipa ọ̀nà ti apá náà ni a ó sì tọ̀.

Kí ẹ̀rọ tó dé, ojú ni a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀. A ó ṣí ìpéǹpéjú aláìsàn, a ó wo inú rẹ̀. A ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti ahọ́n rẹ̀. Bí wọ́n bá funfun, a mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀. Dókítà òde òní ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ojú a máa rí ohun tí ó wà, kì í sọ iye rẹ̀. Ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1864, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Felix Hoppe-Seyler sọ pupa inú ẹ̀jẹ̀ ní orúkọ tí ayé ń pè é títí di òní, hẹmoglóbìn. Iṣẹ́ aláàárù ni hẹmoglóbìn ń ṣe nínú ara. Yóò gba ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró, yóò rù ú dé gbogbo oríkèé ara, yóò sọ ọ́ kalẹ̀, yóò sì tún padà lọ gba ẹrù mìíràn. Irin wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí oúnjẹ tí kò ní irin tó fi ń sọ ènìyàn di aláìlẹ́jẹ̀. Bí aláàárù bá dín kù, ẹrù kò ní dé ibi tí ó yẹ kí ó dé: àárẹ̀ yóò dé, èémí yóò máa gbé sókè, ọkàn yóò máa sáré kí ó lè fi ìwọ̀nba díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Ìwọ̀n ni ó kù. Ní nǹkan bí ọdún 1878, William Gowers, dókítà kan ní Lọ́ńdọ́nù, ṣe ohun èlò kékeré kan: ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ni a ó fi omi là títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi bá àwọ̀ kan tí a ti fi sílẹ̀ dọ́gba. Hermann Sahli ti ilẹ̀ Súwísí tún un ṣe ní ọdún 1902. Ó dára, ṣùgbọ́n bí kóńgò ọjà kan ti máa ń yàtọ̀ sí kóńgò ọjà kejì, bẹ́ẹ̀ ni 100 orí ohun èlò kan kò bá 100 orí òmíràn mu. Lẹ́yìn ọdún 1960 ni àwọn onímọ̀ àgbáyé tó fohùn ṣọ̀kan lórí òṣùwọ̀n kan. Gíráàmù ni a fi ń kà á báyìí, nínú ìdá kan lára ìdá mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí ti ọkùnrin tí ó dàgbà bá wálẹ̀ ju 13 lọ, tàbí ti obìnrin tí kò lóyún ju 12 lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. PCV tí a ń gbọ́ ní ilé ìwòsàn wa jẹ́ ìbátan rẹ̀: a ó fi ẹ̀rọ yí ẹ̀jẹ̀ po títí tí hóró rẹ̀ yóò fi rọ̀ sísàlẹ̀, a ó sì wo ìdá tí ó gbà nínú 100. Bí a bá fi mẹ́ta pín in, iye gíráàmù náà kì í jìnnà sí i.

Wàyí o, àwọn àgbà ní bí kò bá ní ìdí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Iye tí ó lọ sílẹ̀ kì í ṣe orúkọ àrùn. Ìránṣẹ́ ni, ó sì yẹ kí a béèrè ẹni tí ó rán an wá. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà dín kù. Èkíní, kí ó máa ṣòfò: bíi ti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀ jù, ẹni tí egbò wà nínú ikùn rẹ̀, àti ọmọ tí ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn, tí aràn kéékèèké gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀, tí wọ́n so mọ́ ìfun rẹ̀, tí wọ́n ń mu ún lẹ́jẹ̀. Èkejì, kí ara má lè ṣe é tó. Inú mùdùnmúdùn egungun ni a ti ń ṣe é. Bí irin kò bá sí, tàbí bí ara kò bá rí ohun rere tí ó wà nínú ẹ̀fọ́ tútù, tàbí bí kíndìnrín bá ń ṣàìsàn, tàbí bí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá ti bá ènìyàn gbé pẹ́, iṣẹ́ náà yóò fà sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta, kí hóró ẹ̀jẹ̀ máa bàjẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Nǹkan bí 120 ọjọ́ ni hóró kan ń lò láyé. Ibà a máa fọ́ ọ kí ó tó dàgbà.

Èyí tí ó pọ̀ jù náà ní ìdí tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ kò lè ṣe ènìyàn ní ibi. Ní ọdún 1890, François Viault, ará Faransé, gun àwọn òkè gíga ilẹ̀ Pèrú, ó sì rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ hóró ẹ̀jẹ̀ òun ti pọ̀ sí i gidigidi. Ọ́síjìn kò pọ̀ lókè bẹ́ẹ̀, ara sì ti háyà aláàárù sí i. Ohun kan náà ni ara ẹni tí ń mu sìgá ń ṣe, àti ara ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tí omi ara rẹ̀ gbẹ, iye tirẹ̀ yóò ga láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i rárá. Àrùn kan sì wà tí Henri Vaquez kọ nípa rẹ̀ ní Páríìsì ní ọdún 1892, nínú èyí tí mùdùnmúdùn ń ṣe ẹ̀jẹ̀ láìsí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yóò ki, ó lè dì nínú iṣan, ó sì lè fa rọpárọsẹ̀. Títí di òní, fífa ẹ̀jẹ̀ dànù wà lára ìwòsàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀nà kẹta, èyí tí hóró fi ń bàjẹ́ láìtọ́jọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àbíkú wà. Ní òpin ọdún 1904, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùṣù Grenada, Walter Clement Noel, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín, wọ ilé ìwòsàn kan ní Chicago ní Amẹ́ríkà. Èémí kò já gaara fún un, ara rẹ̀ sì ti funfun. Dókítà kékeré tí ó gbà á, Ernest Irons, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó rí àwọn hóró tí ó gùn tí ó sì tẹ̀ bí dòjé. Ọ̀gá rẹ̀, James Herrick, kọ ọ̀rọ̀ náà jáde ní ọdún 1910. Ibẹ̀ ni ìtàn àrùn yìí ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé àwọn dókítà òyìnbó. Noel parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sí Grenada, ó ń tọ́jú eyín àwọn ará ìlú rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1916, láìtíì pé ẹni ogójì ọdún.

Ìwé ti bẹ̀rẹ̀ ní 1910, ṣùgbọ́n àrùn kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn èèyàn wa ti mọ ọmọ tí egungun ń ro títí ilẹ̀ fi ń mọ́, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n bí ewé tí ó fẹ́ wọ́, tí ó ń kú lónìí tí ó ń jí lọ́la. Fòníkú-fọ̀ladìde ni a ń pè é ní àwọn ibì kan. Wọ́n tún ṣàkíyèsí ohun kan tí ó jinlẹ̀: pé ikú náà a máa padà sí ilé kan náà, sọ́dọ̀ ìyá kan náà. Láti inú àkíyèsí yìí ni wọ́n ti dé ìpinnu pé ọmọ kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Wọ́n so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí ó bá kú, wọ́n fi abẹ kọ òkú rẹ̀ lára kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá tún wá. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni a ṣì ń dúró dè.

Ọdún 1949 ni ìtumọ̀ náà dé, ó sì dé láti ọ̀nà méjì. James Neel ní Amẹ́ríkà àti E. A. Beet, dókítà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Zambia lónìí, fi hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé àjogúnbá ni àrùn náà, àti pé ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, àwọn méjèèjì, ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Linus Pauling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi hàn pé hẹmoglóbìn irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Nígbà tí ó fi di ọdún 1957, Vernon Ingram ní Cambridge ti rí ibi tí ìyàtọ̀ náà wà. Ẹ̀wọ̀n kan wà nínú hẹmoglóbìn tí ó ní ìlẹ̀kẹ̀ 146. Ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà nìkan ni a pààrọ̀. Nítorí ìlẹ̀kẹ̀ kan yìí, bí ọ́síjìn bá ti kúrò lára rẹ̀, hẹmoglóbìn yóò so pọ̀ mọ́ra, hóró yóò tẹ̀ bí dòjé, yóò há sínú iṣan tín-ín-rín, ìrora yóò dé. Hóró tí ó yẹ kí ó lo 120 ọjọ́ kì í sábà lo ju 20 lọ.

Báwo ni ohun búburú bẹ́ẹ̀ ṣe wá pọ̀ láàárín wa, tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà fi jẹ́ AS? Anthony Allison dáhùn ní ọdún 1954, láti inú iṣẹ́ tí ó ṣe ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà: ọmọ tí ó gba S láti apá kan ṣoṣo ní ààbò lọ́wọ́ ibà tí ń pa ọmọdé. Ìbàdàn náà sọ tirẹ̀. Yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1948, ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀ sì ṣí ní 1957. Ní 1970, Lucio Luzzatto àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn fi hàn pé, nínú ẹ̀jẹ̀ AS, hóró tí kòkòrò ibà bá wọ̀ ni ó ń yára tẹ̀ bí dòjé ju àwọn yòókù lọ. Ara a sì máa kó irú hóró bẹ́ẹ̀ kúrò, tòun ti kòkòrò inú rẹ̀. Ohun tí ó ń gba ọmọ kan là ni ó ń pa àbúrò rẹ̀.

Nínú irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ́ bí a ṣe ń ka iye. Ẹ jẹ́ kí a rò pé ẹni méjì jókòó, tí iye ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 7. Ọ̀kan jẹ́ SS, 7 yìí sì ni ó ń bá a gbé láti kékeré; ó ń lọ sí ilé-ìwé, ó ń ṣeré. Èkejì jẹ́ 13 ní oṣù tí ó kọjá. Ti ẹni kejì yìí ni kí a sáré sí. Ṣùgbọ́n bí ẹni àkọ́kọ́ bá já sí 4 lójijì, ewu ti dé. Ẹlòmíràn tún wà tí ó jẹ́ SC, nítorí pé àwa Yorùbá tún ní irú kẹta, C, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ní ìlà-oòrùn odò Ọya. Iye ti SC lè súnmọ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ le, síbẹ̀ kí àrùn máa ba ojú àti egungun rẹ̀ jẹ́. Ìwọ̀n ẹni ni a fi ń wọn ẹni.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù wúwo lọ́kàn mi. Fún ọ̀pọ̀ ìran, ẹ̀bi ọmọ tí ó ń kú ń bọ̀ sórí ìyá. A pè é ní àjẹ́, a lé e padà sílé bàbá rẹ̀, ọkọ fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ẹ da owó ẹyọ méjì sílẹ̀, kí ọ̀kan dúró fún bàbá tí ó jẹ́ AS, kí èkejì dúró fún ìyá tí ó jẹ́ AS. Bí àwọn méjèèjì bá dojú bolẹ̀, SS ni. Ìgbà kan nínú mẹ́rin ni èyí lè ṣẹlẹ̀, kò sì sí owó ẹyọ kan tí ó lè dá nìkan ṣe é. Dídà àná kò sì mọ ti òní: ẹni tí ó ti bí ọmọ SS kan lè tún bí òmíràn tẹ̀lé e, ẹlòmíràn sì lè bí mẹ́rin kí ó má rí ọ̀kan. Ìyá tí a lé lọ kò ju ìdajì ọ̀rọ̀ náà lọ. Ìdajì kejì ni ó jókòó sí gbàgede tí ó ń ṣe ìdájọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a mọ irú ẹ̀jẹ̀ wa kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó wọ̀ wá lára, kí a sì ṣe àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀mejì, ní ibi méjì. Bí ọmọ bá sì ti dé, kí a má fi orúkọ ikú pè é. Àyẹ̀wò ọmọ tuntun, oògùn ibà, pẹnisílínì àti ìtọ́jú tí kò dáwọ́ dúró ti sọ ọ̀pọ̀ wọn di òbí àti olùkọ́. Mo mọ Málọmọ́ kan tí ó ti ní ọmọ-ọmọ. Bí a bá pè é lórúkọ, a máa dáhùn, a sì máa rẹ́rìn-ín.